Kábíyèsí Bùfẹ́, Afọ̀fẹ́gbowó

Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ẹsẹ̀ akàn pẹ́ lórí yìnyín.

Bùfẹ́ ọmọ Las Vegas,
Afọ̀fẹ́gbowó, aláṣẹ èkejì ẹ̀rọ tẹ́tẹ́.
Ọba tí kì í sùn, tí kì í jẹ́ kí àlejò sùn.
Ọmọ aṣálẹ̀ Mojave tí ò fojú rí òkun,
tó ń fi akàn òkun ṣe ìpápánu.
Ajẹyó-má-rántí-ilé,
Ajẹtán-má-rántí-àpò.
Ẹ ní kí wọ́n jẹ, wọ́n jẹ.
Ẹ ní kí wọ́n tún bù, wọ́n tún bù.
Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde, ìdí kọ̀, ó lóun ò lọ.

Èmi onírárà yín ti dé. Mo wá kí yín ni, n ò wá jẹun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ki orílẹ̀ yín, kí ẹni tó rò pé àná la bí yín lè gbọ́.

Ní 1931 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Nevada ní kí ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ máa ta á ní gbangba. Nígbà tó di 1941, wọ́n ṣí El Rancho Vegas sójú títì tí gbogbo ayé ń pè ní Strip lónìí, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ nínú ọgbà kan náà. Nínú ọgbà yẹn la ti bí yín. Wọ́n ní Herb McDonald, tó ń bá wọn polówó ilé náà, ni ebi pa lóru ọjọ́ kan. Ó kó búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹran jáde láti ilé ìdáná, ó tò wọ́n sórí káńtà ọtí, ni àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bá ń bèèrè pé ṣé ó kan àwọn náà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wáyé. Dọ́là kan péré, kéèyàn jẹ títí ikùn á fi ní ó tó. Onílé ti rí i pé ẹni tí kò bá jáde lọ wá oúnjẹ, kò ní í kúrò nídìí tẹ́tẹ́. Iná jó ilé baba yín ní 1960, àmọ́ iná ò rí àwo yín gbé ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Edé-inú-ife ti ilé tẹ́tẹ́ Golden Gate,
èyí tí wọ́n ń tà ní 50 sẹ́ǹtì láti 1959,
tó di 99 sẹ́ǹtì ní 1991.
Ẹni tó wá jẹ edé 50 sẹ́ǹtì,
tó fi 50 dọ́là sílẹ̀ lọ́nà àbájáde,
ẹ bá a kí edé, ẹ bá a kí ọ̀nà.

Ọ̀nà yẹn gan-an ló tó kì. Ẹ̀yin kì í gbé ẹnu ọ̀nà, Kábíyèsí. Ìsàlẹ̀ ilé lọ́hùn-ún ni ìtẹ́ yín wà, ẹni tó bá sì fẹ́ rí yín, àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ló máa là kọjá. Ọ̀nà ò lọ tààrà, ó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Kò sí aago lára ògiri, kò sí fèrèsé téèyàn lè fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀rọ kan ń dún níhìn-ín, òmíràn ń tan iná pípọ́n lọ́hùn-ún. Ebi ló gbé àlejò wọlé. Kó tó dé ìdí ọbẹ̀, ọwọ́ ti wọ àpò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ wo bàbá yẹn, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Houston. Ó ti fi àwo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ẹran ìhà màlúù nísàlẹ̀, edé láàárín, ẹsẹ̀ akàn ló fi ṣe òrùlé. Ìrẹsì ń wò ó, kò dá a lóhùn; ìrẹsì wà nílé. Ó dá ẹsẹ̀ akàn sí méjì, ó fi fọ́ọ̀kì tín-ín-rín fa ẹran inú rẹ̀ yọ, ó rì í bọ bọ́tà yíyọ́, bọ́tà ń kán tó-tó sáyà ẹ̀wù.

“Bàbá Ṣadé, ẹ rọra o. Àwo kẹrin rèé.”

“Ìyá Ṣadé, ṣé o mọ iye tí ẹ̀rọ yẹn gbà lọ́wọ́ mi? Jẹ́ n jẹ owó mi padà.”

Kábíyèsí oníṣirò! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé kò lè jẹ ẹ́ padà. Ẹ jẹ́ ká fi àgbá tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń pè ní rúlẹ́ẹ̀tì ṣe àpẹẹrẹ: ojú 38 ni ti Amẹ́ríkà ní. Ẹni tó bá fowó lé ojú kan tó sì jẹ, owó ojú 36 ni wọ́n ń kà fún un. Ojú méjì tó kù, ti ilé ni. Ẹni tó bá ń fi 10 dọ́là ta á, tí àgbá ń yí ní ìgbà 40 láàárín wákàtí kan, tó jókòó fún wákàtí 4, ti gbé 1,600 dọ́là kalẹ̀. Lójú ìṣirò, nǹkan bí 84 dọ́là níbẹ̀ ti di ti onílé. Ó lè jẹ lónìí, orí rẹ̀ sì lè gbè é lọ́la, àmọ́ onílé ò kánjú. Káàdì tí ilé tẹ́tẹ́ fún un ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọge kan á rẹ́rìn-ín sí i, á ní oúnjẹ alẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ gba màlúù lọ́wọ́ ẹni,
ẹ fi ìrù rẹ̀ ta á lọ́rẹ,
olówó màlúù dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣeun.

Ẹ ní ìjòyè, wọn ò kéré. Láti 1992 tí Wolfgang Puck ti gbé ilé oúnjẹ Spago wá sí hòtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace ni àwọn alásè olókìkí ti ń rọ́ wọ̀lú. Joël Robuchon ti ilẹ̀ Faransé dé, ó gba hòtẹ́ẹ̀lì MGM Grand. Guy Savoy náà dé, ó gba Caesars. Lọ́dọ̀ irú wọn, àwo á fẹ̀, oúnjẹ àárín rẹ̀ ò ní tó òkèlè ọmọ ọwọ́. Láti nǹkan bí 1999 ni owó yàrá, oúnjẹ, ọtí àti eré lórí Strip ti ju owó tẹ́tẹ́ lọ. Ìdẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀ ti di apẹja fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí ààfin yín tó ń jẹ́ Bacchanal, tí wọ́n ṣí sí Caesars Palace ní 2012, fi ń gba ohun tó ju 70 dọ́là fún oúnjẹ alẹ́. Àrùn kòrónà lé yín kúrò lórí ìtẹ́ ní 2020, ọ̀pọ̀ ààfin tì pa. Ẹni tó ní ẹ ti wàjà ni ẹ padà wá bá, ẹ fowó lé owó.

Àánú yín pọ̀, Kábíyèsí. Àjẹkù ìlú yín kì í ṣègbé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó o lọ sí oko ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń tún un sè kó tó dé ọpọ́n wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ edé, ó ń jẹ kéèkì, kò ní káàdì, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ ló ń sanra. Kò bèèrè rí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Alápatà náà mọ̀ ọ́n.

Ó tó gẹ́ẹ́. Owó onírárà dà? Ẹ má nawọ́ káàdì sí mi, ẹ má sì ní kí n mú àwo. Mo ti jẹ ẹ̀bà kí n tó kúrò nílé. Owó ni kẹ́ ẹ kà lé mi lọ́wọ́ níbí tí mo dúró sí. Tó bá jẹ́ pé inú ilé lọ́hùn-ún ni mo ti máa wá gbà á, ẹ máa mú un lọ́wọ́, Kábíyèsí. Ohun tí mo máa pàdánù lọ́nà ju ohun tí mo fẹ́ gbà lọ.