Aago Méjì Wo Lo Wí?

Owó ni mo fẹ́ ṣọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé mi láti Èkó dé Guangzhou, níbi tí mo ti fẹ́ lọ ra bàtà, wọ́n bí ojú tí èèyàn ò bá dúró lọ́nà. Èyí tó máa já mi sílẹ̀ ní Addis Ababa, ní Ethiopia, fún wákàtí 15 ló pọ́ọ́kú. Mo ra pọ́ọ́kú. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni màá fi wákàtí 15 ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo ní ta ló fẹ́ jókòó sí pápákọ̀? Ìgboro ni mò ń wọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ṣáà rọra o, Bàbá Ìbejì." Mo ní kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni.

Addis fi wákàtí méjì ṣáájú Nàìjíríà. Kí bàálù tó balẹ̀ láàárọ̀ ni mo ti yí aago ọwọ́ mi síwájú, tí mo sì ń fi àánú wo àwọn tó jókòó tì mí, torí aago tiwọn ṣì wà l'Ékòó.

Àwọn takisí aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lẹ́nu pápákọ̀ dárúkọ owó, mo rẹ́rìn-ín, mo fa báàgì mi, ó di títì. Ohun tí n kò rò ni pé ìlú náà ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 2,300 mítà. Èmi tí mò ń gbé Ajégúnlẹ̀, níbi tí òjò kékeré ti ń sọ ilé di odò! Kí n tó dé títì, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀yà. Takisí Lada ògbólógbòó kan, aláwọ̀ búlúù àti funfun, ló dá mi lójú pé kò ní wọ́n, òun ni mo dá dúró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wà á ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń dáhùn ohun gbogbo: "Ìṣí." Mo ní màá jẹun. Ìṣí. Mo ní màá wo mùsíọ́mù. Ìṣí. Mo ní bàálù mi á gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ìṣí, ìṣí. Mo gbà pé a ti yé ara wa.

Ẹran ni mo fẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn onígbàgbọ́ Ọ́tódọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi ń gbààwẹ̀: kò sẹ́ran, kò sẹ́yin, kò sí wàrà. Kò burú. Ọmọbìnrin kan gbé kẹ́tù wá, ó da omi sí wa lọ́wọ́, ó lọ. Mo wá tówẹ́ẹ̀lì títí, n kò rí. Wọ́n wá gbé àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kan sáàárín wa, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pupa àti ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ ni mo rí nǹkan kan tí wọ́n ká bí ẹní, aláwọ̀ eérú, ó rọ̀, ó tutù díẹ̀. Irú aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n pín fún wa nínú bàálù lálẹ́ àná gẹ́lẹ́ ni. Mo tú u, mo fi nu ọwọ́. Ó ń fa omi dáadáa. Mo nu iwájú orí. Mo nu ẹ̀yìn ọrùn. Ìgbà tí mo fẹ́ nu etí ni mo rí i pé gbogbo ilé oúnjẹ ti dákẹ́.

Injera ni. Oúnjẹ ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ọkà teff ṣe, tí wọ́n pò kalẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan bí ògì kí wọ́n tó dín in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo àlejò tó wọ ilé yín, tó bu àmàlà, tó fi nu abíyá. Òun ni mí.

Awakọ̀ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ya injera mìíràn, ó fi di ẹ̀wà mọ́ra, ó nawọ́ sí ẹnu mi. Gursha ni wọ́n ń pe ìyẹn, àpọ́nlé ni. Níbi ìgbéyàwó nìkan ni mo ti rí kí àgbàlagbà máa fún àgbàlagbà ní nǹkan jẹ lẹ́nu, kéèkì sì ni. Mo la ẹnu.

A dé mùsíọ́mù ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Báàgì mi wà nínú búùtù Lada. Pásípọ́ọ̀tù mi wà nínú báàgì. (Ẹ má tíì bú mi.) N kò gba nọ́ńbà rẹ̀, síìmù Nàìjíríà tó wà nínú fóònù mi ò kúkú ṣiṣẹ́. Mo na ìka méjì sókè, mo ní, "Two o'clock, ẹnu géètì yìí." Ó ní, "Ìṣí." Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Egungun Lucy, ẹ̀dá ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ìyá ńlá ènìyàn, ni mo bá lọ. Ní 1974 ni wọ́n hú u jáde ní Hadar, lẹ́yìn ọdún bíi mílíọ̀nù 3.2. Dinknesh lorúkọ tí àwọn onílé ń pè é. Kékeré báyìí ni, kò ga ju ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ṣùgbọ́n kékeré kọ́ làgbà. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí irú ìyá ńlá bẹ́ẹ̀ tí á dúró ṣánṣán? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òkè tí ìlú náà wà kò jẹ́ kí n rí èémí fi dìde kíákíá, ni mo bá fi ìdọ̀bálẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: àdàkọ lèyí, wọ́n tọ́jú ojúlówó síbòmíràn.

Aago méjì lù. Aago méjì ààbọ̀. Aago mẹ́ta. Mo ṣẹ́ èpè ní Yorùbá kí awakọ̀ mi má baà gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta kọfí létí títì ṣàánú mi. Ó tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, ó yan kọfí lójú mi, ó gún un, ó sè é nínú ìkòkò dúdú ọlọ́rùn gígùn, ó sì bu ohun tó máa bá a rìn fún mi. Gúgúrú! Gúgúrú tiwa yìí, ẹ̀pà nìkan ni ò sí. Ife mẹ́ta ni wọ́n ń mu, torí ẹ̀kẹta ni ìbùkún. Mo mu ìbùkún tán, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù bíi gángan.

Ní aago márùn-ún, wọ́n ń ti mùsíọ́mù. Ẹ̀ṣọ́ àgbàlagbà kan bi mí léèrè ohun tí mò ń dúró dè. Mo ní ọkọ̀ aago méjì. Ó ní, "Ó kù wákàtí mẹ́ta nìyẹn." Ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn mí: mọ́kànlá.

"Bàbá, aago yín ti bàjẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ìdájí ni wọ́n ti ń ka aago wọn. Aago méje àárọ̀ wa ni aago kan wọn. Méjì ọ̀sán mi, mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ wọn. Méjì tiwọn ní ojú-ọ̀sán ti kọjá láti aago mẹ́jọ àárọ̀, èyí tó kù ni ti alẹ́. Ká ní Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, màá ti ní "méjì ọ̀sán", òun náà ì bá sì bi mí pé èwo nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí n sọ méjì ní ìhòòhò. Bàbá tún ní kàlẹ́ńdà àwọn fi ọdún méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwa, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kéré sí i. Ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Òtútù dé. Bùbá àdìrẹ kan ṣoṣo ni mo wọ̀. Bàbá bọ́ gabi rẹ̀, aṣọ òwú funfun tó nípọn, ó fi bò mí, mo sì jókòó ti géètì bí ìyàwó tuntun.

Ní géérégé aago mẹ́jọ, Lada yọ. Ẹ̀rín kún ẹnu awakọ̀ mi: "Two o'clock!" Ó ní ìyá òun ti se oúnjẹ, ká lọ jẹun nílé, àkókò ṣì pọ̀. Mo fẹ́ ní ìṣí, àfi bí mo ṣe rántí. Mọ́kànlá òru tiwọn, aago márùn-ún ìdájí ni! Mo ka ìka mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Àbúrò, aago márùn-ún òru yín ni bàálù mi!"

Kò sọ pé ìṣí. Ó kàn tẹ iná.

Èmi ni mo wọ bàálù kẹ́yìn, tí gbogbo ojú ń wò mí, tí gúgúrú ṣì wà nínú irùngbọ̀n mi. Ọmọbìnrin inú bàálù gbé nǹkan kan tí wọ́n ká bí ẹní wá fún mi, ó rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo gbóòórùn rẹ̀ ná.