Díákónì Kọ́ńgò Méjì

Kò dìgbà tí a bá dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ná ọjà Ìkàrẹ́-Àkókó lẹ́ẹ̀mejì ti bá a pàdé, ẹni tó bá sì ń jọ́sìn ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí. Díákónì ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí aago ìjọ tó dún, ó ti wà níjòkòó iwájú, agbádá rẹ̀ funfun báláú, Bíbélì rẹ̀ wà nínú àpò onísíìpù. "Àmín" tirẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn, òun náà ló sì ń ròkè jù. Bí alága ìkórè bá wọ́n, òun ni wọ́n ń sáré lọ bá. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ óò bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ láàárín àpò gaàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́. Orúkọ Olúwa wà gàdàgbà lára pátákó òkè ìsọ̀ náà. Kọ́ńgò méjì ló wà lábẹ́ tábìlì.

Kọ́ńgò kìíní ni ti rírà. Wọ́n ti fi ọmọ odó lu ìdí rẹ̀ láti inú títí ó fi yọ ikùn síta. Kọ́ńgò kejì ni ti títà. Ìta ni wọ́n ti fi òkúta lu ìyẹn, tí ìdí rẹ̀ fi wọnú bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Wọ́n tún yọ́ àbẹ́là díẹ̀ sí i nínú. Bí àgbẹ̀ bá gbé ẹ̀wà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, tó gba Àkùngbá kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni Díákónì ń gbé jáde. Á gbọn kọ́ńgò náà kí ẹ̀wà lè kì dáadáa, á rọ òkè rẹ̀ ṣóńṣó títí yóò fi máa dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá wá ra ẹ̀wà kan náà nírọ̀lẹ́, ìkejì ló ń jáde. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ń bù ú, kò jẹ́ gbọ̀n ọ́n. Á fi ìka mẹ́ta bu ènì lé e, á rẹ́rìn-ín, á ní: "Olúwa á bù kún un fún yín." Òótọ́ kúkú ni. Ẹni tí yóò dí ibi tó ṣófo yẹn, àfi Olúwa.

Ẹni tó bá rí èyí á tètè sọ pé ẹnu lásán ni ìgbàgbọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí gba Ọlọ́run gbọ́. Ó ń gbààwẹ̀, kì í mutí, kọ́bọ̀ kan kì í sì í dín nínú ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó pín ayé rẹ̀ bí ẹni pín ogún: ó fi ilé ìjọsìn fún Ọlọ́run, ó fi ọjà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó wá ń san ìdámẹ́wàá bí owó ìṣákọ́lẹ̀, kí Onílẹ̀ má baà yọjú sí oko. Ìwé tó gbé dání kò fọwọ́ sí ìpín yẹn. Léfítíkù 19 ka òṣùwọ̀n títọ́ mọ́ ìwà mímọ́. Orí òṣùwọ̀n èké ni Òwe 11 ti bẹ̀rẹ̀. Ámósì 8 sì sọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tètè kọjá kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n kékeré, àfi bí ẹni pé wòlíì náà ti ná ọjà Àkókó rí. Ní Ìkàrẹ́, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń bá ara wọn gbé agbo ilé kan, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Súrà 83 nínú Àlùkùránì, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: àwọn tó ń gbà á kún, tí wọ́n sì ń fúnni láàbọ̀. Oníbàárà tó bá mọ Súrà yẹn kò ní dúró gbọ́ ìwàásù ìjọ wa mọ́. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu kọ́ńgò.

Wọ́n á ní ọjà le: owó epo ń gòkè, ọ̀nà kò dára, àwọn agbowó-òde kò jẹ́ kéèyàn mí, gbogbo ìsọ̀ ló sì ń ṣe é. Ọjà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tí ọjà le fún lè fowó lé ọjà rẹ̀. Ojúkojú la ń dá iye. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kọ́ńgò tí a lù kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀. Bó bá sì ṣe pé owó epo ló bí kọ́ńgò kékeré, kí ló bí ńlá? Ta ló fún àgbẹ̀ Ọ̀kà ní epo ọ̀fẹ́? Ìnira kì í lu kọ́ńgò síta nígbà rírà kó tún lù ú wọnú nígbà títà. Ojúkòkòrò nìkan ló mọ iṣẹ́ méjèèjì. Bí gbogbo ìsọ̀ bá sì ń ṣe é, kí la wá torí ẹ̀ pe òun ní díákónì?

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní ó ń ṣe rere, òun ló fi páànù bo ilé ìjọsìn, orúkọ rẹ̀ ló wà lára òkúta ìrántí. Bí a bá ṣírò ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà tó ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lórí kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ Ọ̀kà àti àwọn tíṣà Ìkàrẹ́ ló ra páànù náà láìmọ̀. Ó kàn bá wọn gbé e débẹ̀ ni. Sákéù inú Lúùkù 19 mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dá páànù fún tẹ́ńpìlì. Ẹni tó rẹ́ jẹ ló ní òun yóò san án padà fún ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n á tún ní kí a má dájọ́. Ta ló dájọ́ ọkàn? Ẹ̀wà la ní kí ẹ wọ̀n. Ẹ mú kọ́ńgò tí kò tíì fojú kan òkúta, ẹ da tirẹ̀ sí i, ojú gbogbo wa á rí ibi tó dúró sí. Ìjọ náà kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí iye tó mú wá ni wọ́n ń kà, wọn kì í béèrè ohun tó fi wọ̀n ọ́n.

Ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ọ̀oyè, Iléṣà, àwọn èèyàn kó oògùn àti oǹdè wọn jáde, wọ́n dáná sun wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ọkàn tẹ̀ ni wọ́n kó wá. Díákónì wa kò ní oǹdè lọ́rùn. Ohun tí òun fi ọkàn tẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Nítorí náà, bí ìsọjí bá tún dé Àkókó, ariwo "Àmín" kọ́ la óò fi mọ̀. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni kí ẹ lọ wò láàárọ̀ Ajé, bóyá Díákónì wà lórí ìlà, tó gbé kọ́ńgò méjèèjì dání pé kí wọ́n bá òun lu ìdí wọn padà sí bó ṣe wà. Lọ́jọ́ tí méjèèjì bá dọ́gba, ẹyọ kan á tó o tà.