Yẹtí Àgbá Kan
Ẹni tó fẹ́ fi rẹ́sìn ṣe yẹtí tà, kó má béèrè lítà kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. "Ọ̀gá, àgbá mélòó?" ni wọn ó bi í. Àgbá kan lé ní 200 kílò. Yẹtí rẹ̀ á kárí Òṣòdì, á tún ṣẹ́ kù. Ẹ gba Ojota lọ, níbi tí wọ́n ti ń bu kẹ́míkà sí kẹ́ẹ̀gì fún mẹ̀kúnnù. Ní ti sílíkónì tí ẹ ó fi ṣe mọ́ọ̀dù yẹtí náà, ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì wíńdò, ẹ pò ó mọ́ sítáàṣì àgbàdo, kíá lá gan. Tí ilé bá ń rùn bíi fínígà, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé sàláàdì lẹ ń ṣe.