Gráíńdà Bàbá Wẹ́dà

Ẹ fà mọ́ra díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojú títì. Ẹ mọ gráíńdà iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wẹ́dà, olókùúta méjì, èyí tí gbogbo wa fi ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Tòkunbọ̀ ni, ó dàgbà ju àwọn ọmọṣẹ́ tó ń lò ó lọ. Wọ́n tan án láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó ń kùn hùn-ùn bí ìyàwó tí ọkọ ò fún lówó ọbẹ̀, kò sì yí.

Ìyá Alágbo ní ayé ló ṣe é. Ayé kẹ̀! Obìnrin tó ní àjẹ́ ló mú fáànù òun lọ́jọ́sí, tó sì jẹ́ pé eku ló jẹ wáyà. Ó ti ra adìẹ ètùtù kí wọ́n tó tú fáànù náà. Ta ló jẹ adìẹ ọ̀hún? Ìyẹn wà láàárín òun àti wòlíì. Lańlọ́ọ̀dù ní tòun, iná Nẹ́pà ni kò lágbára, bẹ́ẹ̀ fáànù tiẹ̀ ń fẹ́ fúú lókè. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá ríwáyà dé, kò bẹ́nikẹ́ni jiyàn. Ó yọ wáyà lára iná, ó fọwọ́ yí òkúta. Ó yí, àmọ́ ó ń dún kẹrẹkẹrẹ. Ó ní kàpásítọ̀ tó ń ta mọ́tọ̀ jí ti kú, bíárìn náà sì ti jẹ.

Kàpásítọ̀ ò pẹ́. Ó kọ́kọ́ tú iná tó sùn sínú ògbólógbòó yẹn dànù, torí ó lè gbá èèyàn bí wáyà ò tilẹ̀ sí lára iná, ó wá fi irú ẹ̀ gan-an rọ́pò.

Ìdí bíárìn ni eré wà. Òkúta gbọ́dọ̀ kúrò ná. Ọmọṣẹ́ kan gbá sípánà mú lápá òsì, ó ń fà á sósì, òógùn bò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí tábìlì. Nọ́ọ̀tù ń le sí i ni. Ọ̀gá ń wò ó, ó ń jẹ ẹ̀pà ní tiẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Àbúrò, ọ̀tún ni wọ́n ń yí nọ́ọ̀tù òsì kó tó tú. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, eré òkúta ni yóò máa tú u." Ilé bú sẹ́rìn-ín! Nọ́ńbà wà lára bíárìn, 6203: ihò inú 17 mílímítà, ìta 40. Ẹni tí wọ́n rán kàn ka nọ́ńbà fún onípáàtì ni.

Òfófó gidi ló kù yìí. Òkúta ọ̀tún ń dán yinrin: àlùmíníọ̀mù ti dí gbogbo ojú ẹ̀! Ẹnì kan ń fi ọmọrí ìkòkò há a lẹ́nu. Òkúta tó bá ti dí báyìí kò ní gé irin mọ́, yóò máa gbóná, ó sì lè fọ́. Ọ̀gá fi ìka gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́, ó fi ìdí súkúdíráfà kàn án: tòsì dún gbin-in, tọ̀tún dún pó. Ó ti sán. Ẹ wo ohun tó ń yí bí ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan kó fọ́ síni lójú! Wọ́n jù ú nù, wọ́n ra tuntun, wọ́n sún ibi tí wọ́n ń gbé irin lé mọ́ ọn, àlàfo ò ju mílímítà 3 lọ. Nígbà tí wọ́n máa tan án, ọ̀gá ní kí kálukú yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Lańlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ sá.

Ọmọrí ta ni? Èmi ò dárúkọ o. Mo kàn mọ ẹni tó ń se àgbo nínú ìkòkò ńlá, tí etí ọmọrí ẹ̀ ń dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, irin nìkan ni kí ẹ máa gbé lọ síbẹ̀. Fáìlì wà lọ́wọ́ Bàbá Wẹ́dà fún ọmọrí. Ẹ tọrọ ẹ̀, kò ní gbowó.