Ológbò Gba Ère, Ajá Gba Òfin

Oríṣi méjì ni ẹranko ìgboro ní Istanbul: èyí tí ìlú ń kẹ́ àti èyí tí ìlú ń bá ṣẹjọ́. Ológbò ni wọ́n ń kẹ́. Nígbà tí Tombili, ológbò sísanra tó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti àtẹ̀gùn etí títì bí alága àríyá, kú lọ́dún 2016, wọ́n fi idẹ ṣe ère rẹ̀ ní àdúgbò Kadıköy. Olè jí ère náà gbé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ariwo ta, ère padà. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú ni kò lè rí irú ẹ̀ gbà.

Ti ajá yàtọ̀. Lọ́dún 1910, ìjọba Ottoman, tó fẹ́ kí ìlú jọ ti Yúróòpù, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ajá lọ sí Sivriada, erékùṣù olókùúta. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò sọnù. Wọ́n gbé wọn sọnù ni. Ebi àti òùngbẹ ló pa wọ́n síbẹ̀.

Òfin ọdún 2004 wá pàṣẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n mú ajá, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n sì dá a padà sí àdúgbò rẹ̀. Ètò gidi ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ owó àti sùúrù. Àwọn kan ṣe é. Àwọn mìíràn ṣe é lórí ìwé. Ajá kì í kàwé, ó ń bímọ lọ.

Lọ́dún 2021, ajá kan tó ń jẹ́ Boji ń wọ ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi káàkiri ìlú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìgbẹ́ lórí àga ọkọ̀, wọ́n ní òun ni. Kámẹ́rà fi hàn pé ọkùnrin kan ló yọ ọ́ láti inú àpò, tó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyẹn ò sọ pé ajá ò jẹ̀bi rí. Ọmọdé ti sá fájá bọ́ sẹ́nu ọkọ̀. Àwọn òbí fárígá, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko kan náà a máa da oúnjẹ ajá sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, kì í ṣe sẹ́nu ọ̀nà tiwọn.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé aṣòfin Tọ́kì ní kí wọ́n kó gbogbo ajá ìgboro sí ọgbà ìtọ́jú ẹranko, kí wọ́n pa èyí tó bá léwu. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tó bá kọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 2. Ó sì ṣe kòńgẹ́ pé ẹgbẹ́ alátakò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọlé ìbò ní Istanbul àti Ankara. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé ajá ìgboro tó mílíọ̀nù 4. Àyè tó wà nínú ọgbà nígbà náà kò ju 105,000 lọ. Òfin fún wọn di ìparí ọdún 2028 láti kọ́ ọgbà sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fájá pé kó dúró ná kó tó gùn.