Ìlara Aládùúgbò Ló Gbé Iná Dé Mowé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kẹ́ ẹ má sì sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rí iná funfun tó ń tàn lójú fèrèsé ìyàwó tíṣà lọ́hùn-ún? Sólà ni o. Ẹni tó ń yá àbẹ́là lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì lọ́dún tó kọjá!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Mowé, ẹ ò bá wa jìyà. Owó ilé Èkó ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa wá sétí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. A ra ilẹ̀, a kọ́lé, a kó wọlé, iná ò sí. A dáwó òpó, a dáwó wáyà, a dáwó tiransifọ́mà. Ẹni tó gba owó òpó yẹn... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń kọjá lọ.

Àǹtí télọ̀ ló kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọgbà yìí. Kékeré yẹn ni, I better pass my neighbour, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù fún. Kò lè gbé áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ń gbé fáàn àti tẹlifíṣàn. Kí oṣù tó parí, yàrá mẹ́rin ti ra tiwọn! Bàbá onílé ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́ tó bá ń gbàdúrà. Mo bi ọmọ mi tó ń kàwé pé báwo ni jẹnẹrétọ̀ ṣe ń mú iná wá, ó ní Michael Faraday, òyìnbó kan ní London, ló rí i lọ́dún 1831 pé téèyàn bá ń ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ àárín wáyà tí a ká, tó sì ń yọ ọ́, iná á sáré nínú wáyà náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni. Mo ní ẹ ò rí i? Ògún náà ló wà nídìí ẹ̀.

Irú ìlara yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n yà sí Ifọ̀ ná, àna mi ń gbé nítòsí ojú irin níbẹ̀. Ọdún 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú irin bọ̀ láti Èkó. Ó gba Ifọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Nígbà tó yá, ẹ̀ka kan yà ní Ifọ̀, ó gba Ìlaró lọ sí Ìdógò. Ṣé ẹ̀yin rò pé ará Ìlaró á máa wo Abẹ́òkúta níran ni? Ọlọ́gbọ́n ló ń ṣe nǹkan, àmọ́ "àwa náà ńkọ́?" ló ń gbé e kiri ìlú.

Ibo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, sólà. Epo ló fà á. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tí kò tó 200 náírà fò di nǹkan bí 500. Adìyẹ ló ń yé sórí jẹnẹrétọ̀ báyìí. Ni ìyàwó tíṣà bá gba owó àjọ, ó pe ọmọkùnrin kan wá láti Ìbafò, wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì gun òrùlé. Chapin, Fuller àti Pearson ló fi irú rẹ̀ han ayé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, ní ilé iṣẹ́ Bell. Tí a bá pín oòrùn tó bọ́ sí i sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́fà péré ló di iná, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n sì fi yí. Bátìrì lithium rẹ̀ ńkọ́? Mẹ́ta ni àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2019. John Goodenough, ọ̀kan nínú wọn, ti pé ẹni ọdún 97 nígbà náà! Ẹ bá mi sọ fún bàbá onílé, tó ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń tún ṣáláńgá ṣe lọ.

Wọ́n ní bátìrì mìíràn tún ti ń jáde ní Ṣáínà, èròjà inú iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́, ló bá ń ti iyọ̀ rẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi ńkọ́? Ọmọkùnrin Ìbafò yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́la. Kì í ṣe tìlara o! Omi tútù ni mo kàn fẹ́ máa mu. Mo ṣáà ti sọ fún un pé iye páńẹ́ẹ̀lì tó bá wà lórí òrùlé ìyàwó tíṣà, kó fi ẹyọ kan lé tèmi.