Awọ Sókótó, Orúkọ Mòrókò

Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Oníṣẹ́ awọ tó ń gbé Sókótó gan-an ńkọ́? Ọmọ oníkọ̀ǹpútà tó ń tún ojú òpó ayélujára rẹ̀ ṣe á bi í pé, "Alhaji, kí ni ìtàn ọjà yín?" Ìtàn ń jẹ èèpo ẹ̀wà ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran Sókótó: ewúrẹ́ pupa Sókótó ni. Látijọ́, ràkúnmí ru awọ rẹ̀ la aṣálẹ̀ já dé Mòrókò. Kó tó dé Yúróòpù, ó ti di "awọ Mòrókò" tí wọ́n fi ń di ìwé olówó ńlá. Nígbà náà, Mòrókò ò ní ojú òpó, kò sanwó àmì ìdánimọ̀ ọjà. Oníkọ̀ǹpútà á wá ní kí àpò awọ Alhaji di búlúù, kí orúkọ dún bíi ti Ítálì. Kò burú. Ẹ ṣáà bá wa kọ Sókótó sí ìsàlẹ̀, nítòsí nọ́ńbà fóònù.